Àga Tó Kọjú sí Ilé Ìdáná

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló bi í ní ìbéèrè yìí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé ìdáná wọn tó kéré débi pé èèyàn méjì ò lè yípo nínú rẹ̀ kí wọ́n má fi ìgbúnwọ́ gbá ara wọn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó lè bá èèyàn jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó má bèèrè ju ibi tí ṣúgà wà lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gbàgbé nǹkan. Ní àárọ̀ yẹn, ó bu tíì sẹ́nu, ó sì sáré tu ú dànù, nítorí mílíìkì inú rẹ̀ ti kan. Ó yíjú wo àǹtí rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ ti mu tiẹ̀ kan ìdí ife, ó tilẹ̀ ti ń fọwọ́ nu ẹnu.

Ọmọ náà ò pariwo. Ó rántí ìrẹsì tó jóná lọ́jọ́sí, tí àǹtí jókòó tì í tí èéfín fi gba gbogbo ilé. Ó rántí àwọn ọ̀rẹ́ àǹtí méjèèjì, àti ohun tí wọ́n gbójú lé e fún. Lẹ́yìn náà ló tó béèrè, ó ń yan ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Obìnrin náà ṣan ife rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó ní, “Wọ bàtà ẹ, ilẹ̀ ti mọ́,” ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí kò sọ náà ni pé, láti ìgbà tí ibà àti ọ̀fìnkìn kan ti dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, imú rẹ̀ ò gbọ́ òórùn mọ́, ahọ́n rẹ̀ ò sì mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà, kó ṣáà ní sùúrù. Fún ẹlòmíràn, ìyà ẹnu lásán nìyẹn. Fún obìnrin yìí, oyè rẹ̀ ló lọ, ẹ̀mí ẹnì kan sì rọ̀ mọ́ oyè náà.

Alágbàfọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé tí òun àti ọmọ náà ń gbé: fèrèsé onígíláàsì kan tí ooru máa ń bò, aṣọ tí wọ́n fi kọ́ nínú ọ̀rá, tí wọ́n tò bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀, àti áyọ́ọ̀nù ńlá kan tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Láti Mọ́ńdè títí di ọ̀sán Sátidé, orí ìdúró ló wà. Òfin kan ló ní, kì í sì í fi ṣeré: aṣọ tí o ò bá mọ ohun tí wọ́n fi hun ún, má rì í sómi. Wo inú ọrùn rẹ̀, ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, pe ẹni tó ni ín. “Aṣọ kì í sunkún,” ló máa ń wí, “ẹni tó ni ín ló ń sunkún.”

Ọ̀rẹ́ méjì ló ní. Èkíní ni Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí tiẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Èkejì ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé, obìnrin gíga onígíláàsì ojú, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ gún èèyàn lára bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ìlú ń gbòòrò nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ti kun ilé kan tán báyìí, wọn á gbé tábìlì síbẹ̀, wọn á ní ilé oúnjẹ ni, tàbí ilé ọtí, tàbí méjèèjì pọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pinnu pé gbogbo Sátidé làwọn ó máa yẹ èyí tó bá jẹ́ tuntun wò. Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun lórí ìdúró. Wọ́n lọ síbi tí àbẹ́là nìkan ń tàn, tí Onídìrí fi fọ́ọ̀kì gún pépà ìnuwọ́, tó ṣebí ẹran ni. Wọ́n lọ sí ilé ọtí kan tí àga ibẹ̀ ga tó àkàbà, Onídìrí tún ní, “Ṣé ọtí la wá mu níbí ni, àbí òrùlé la wá kàn?”

Adájọ́ ni wọ́n ń pe Alágbàfọ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, á fi ṣíbí lu ife, á sì dá ẹjọ́ ibẹ̀: “A ó padà wá,” tàbí “A ṣì ń gbé e yẹ̀ wò,” tàbí èyí tó burú jù, “Ẹ bá wa wá ẹnu ọ̀nà.” Kò sí ibi tí wọ́n dé tí kò ní àga tirẹ̀, èyí tó kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á gbé báàgì búráùn ńlá rẹ̀ lé àga náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, “Ẹ má bínú, Adájọ́ wa ń bọ̀.”

Eré nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe eré ni ti epà. Epà ni ọ̀tá Tíṣà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún olùkọ́ kan ní iléèwé wọn, bisikíìtì kan ṣoṣo ló jẹ. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú pa, èémí rẹ̀ sì ń fọn bíi fèrè. Díẹ̀ ló kù. Látìgbà náà, abẹ́rẹ́ oògùn kan tí wọ́n á sáré gún un bó bá tún ṣèèṣì jẹ epà wà nínú báàgì búráùn yẹn, ọbẹ̀ kankan kì í sì í kan ẹnu Tíṣà nílé oúnjẹ àfi bí Adájọ́ bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ahọ́n yẹn mú. Ó ti gbọ́ epà rí nínú ọbẹ̀ tí wọ́n kàn fi ṣíbí ìkòkò míì rò.

Lẹ́yìn àìsàn rẹ̀, Adájọ́ rò pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, adùn á padà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì mi orí sí Tíṣà pé kó máa jẹ. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà ti ń jẹun lọ́jọ́ náà ni òun ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ ru. Kò dán an wò mọ́. Ti ìdájọ́ rọrùn: á wo Onídìrí, nítorí bí oúnjẹ bá dùn, Onídìrí kì í sọ̀rọ̀. Ti Tíṣà ni kò ní ọ̀nà míì ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n bá gbé dé, á ní epà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe di ẹni tó ń jẹ ìrẹsì funfun àti ẹja sísun lásán kiri ìgboro.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà béèrè ìbéèrè rẹ̀, ibi tuntun kan nítòsí afárá ni wọ́n ń lọ, oúnjẹ nísàlẹ̀, ọtí lókè. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ń ṣe irun lọ́dọ̀ Onídìrí, òun ló fi tábìlì tó dáa sílẹ̀ fún wọn. Adájọ́ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bọ̀ lójú ọ̀nà: “Ẹ fetí sí mi, ó ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ.” Ó dé ìdí tábìlì. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọjú sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báàgì búráùn ló wà lórí rẹ̀. Báàgì kékeré kan tó ń dán ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́.

“Báàgì ńlá ńkọ́?”

“Ó wà nílé. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí mi nìyí. Ṣé kò rẹwà ni?”

“Abẹ́rẹ́ ẹ ńkọ́?”

“Kò gbà á,” Tíṣà ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe? Ṣebí ìwọ rèé.”

Ọ̀rọ̀ tí Adájọ́ ti kọ́ lẹ́nu bọ̀ láti ilé fò lọ. Ó jókòó.

“Jẹ ẹja sísun,” ó ní.

“Mi ò jẹ.”

“Àti ìrẹsì.”

“Ìrẹsì ti fẹ́ máa hù lórí mi. Lónìí, ọbẹ̀ ni màá jẹ. Ìwọ ṣáà tọ́ ọ wò dáadáa.” Ó pe wétà. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé epà wà nínú ọbẹ̀ ẹja yín?”

“Rárá o, mà,” ni wétà wí. Ó yára dáhùn jù. Aṣọ ara rẹ̀ ṣì ní ìlà ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ nínú páálí.

Nígbà tí àwo náà dé, ẹja ńlá kan ló dùbúlẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ooru ń yọ lára rẹ̀. Onídìrí fa ooru náà símú, ó di ojú. “Háà! Bí mo bá kú síbí, kí ẹnikẹ́ni má gbé mi lọ sílé o.” Tíṣà di ṣíbí mú, ṣùgbọ́n kò bù ú. Ó ti àwo náà síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹrí ba bíi lọ́yà.

“Olúwa mi, ẹjọ́ rèé.”

Adájọ́ fi etí ṣíbí kan ọbẹ̀ náà, ó gbé e sórí ahọ́n, ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbóná. Ó ń yọ̀. Ìyẹn nìkan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ dáadáa, tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Nǹkan kan tó rí bí iyanrìn há sí i léyín. Ó lè jẹ́ èso ata. Ó lè jẹ́ epà. Ó lè jẹ́ ohunkóhun lábẹ́ ọ̀run.

“Epà wà níbẹ̀,” ó ní.

Ṣíbí Tíṣà dún gbì lórí tábìlì. “Ó tún ti dé!”

“Adájọ́, ṣé epà ló ń lé ẹ kiri ni?” Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. “Ibi tá a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, epà. Ibi òkè yẹn, epà. Bí wọ́n bá bu omi ẹ̀rọ fún ẹ báyìí, wàá ní epà ló sun ún.”

Àwọn tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wétà ò rẹ́rìn-ín. Ó ti yára wọ ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ń fì síwá sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí alásè fi jáde, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí òógùn bò lójú, tó ń fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́.

“Ta ló ní epà wà nínú ọbẹ̀ mi?”

“Èmi ni.”

“Mà, ẹ má bínú. Mo ti ń dáná kí wọ́n tó to bíríkì àkọ́kọ́ ilé yìí. Epà ò wọ ilé ìdáná mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tọ́ wò níṣojú mi, kẹ́ ẹ wá fi ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ epà hàn mí.”

Gbogbo ilé ti kọjú sí wọn. Obìnrin tó ni ibẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn tó lọ sí ilé ọtí, ó di ọwọ́ irin àtẹ̀gùn mú. Onídìrí fẹsẹ̀ ta Adájọ́ lábẹ́ tábìlì. “Tọ́ ọ wò, jọ̀ọ́. Oníbàárà mi ni, má dójú tì mí.”

Adájọ́ bu ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí òun bá ní ó wà, alásè á ní irọ́ ni, á sì ní kí òun fi hàn. Bí òun bá ní kò sí, Tíṣà á jẹ ẹ́, abẹ́rẹ́ sì wà nílé. Ọbẹ̀ kán sí àyà búláòsì funfun rẹ̀, òun tí kì í jẹ́ kí àbàwọ́n gbẹ mọ́ aṣọ aláṣọ, kò tilẹ̀ wò ó. Ó gbé e mì. Ilẹ̀kùn yẹn náà ni, kò sẹ́ni nílé.

“Mi ò mọ̀,” ó ní.

“Kí lẹ wí?”

“Mi ò mọ̀ bóyá ó wà, mi ò mọ̀ bóyá kò sí. Ahọ́n mi ti kú. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni. Mi ò gbọ́ iyọ̀, mi ò gbọ́ ata, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Tíṣà rọra bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Láti ìgbà àìsàn yẹn,” ó ní. “Ọbẹ̀ tí mo jẹ nígbà tí ara ẹ kọ́kọ́ yá ńkọ́? Tó o mi orí sí mi?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹ̀mí mélòó lo rò pé mo ní?”

“Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?” Alásè yíjú sí gbogbo ilé. “Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo ní kò sí epà!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ìbínú ti gba ojú Tíṣà, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Kò sí adájọ́ mọ́. Ẹni tó ni oúnjẹ ní kò sí epà, kí ló kù?” Ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́.

Adájọ́ na ọwọ́ kọjá tábìlì, ife ṣubú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwo náà. Ọbẹ̀ gbígbóná ru gba àárín ìka rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò.

“Ẹ wò mí,” ó sọ fún alásè. “Ṣé ọwọ́ ara yín lẹ fi se ọbẹ̀ yìí?”

Alásè fi épírọ́ọ̀nù nu ojú. “Ọmọ iṣẹ́ mi ló pò ó. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un.”

“Kí ló fi pò ó? Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wá. Agolo, ìgò, gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹ̀ kàn. Aṣọ lásánlàsàn, mi ò jẹ́ rì í sómi kí n má ka inú ọrùn ẹ̀. Ẹ̀yin wá ní kí èèyàn gbé ohun tí a ò kà mì?”

“Mà…”

“Lọ gbé e wá,” obìnrin tó ni ibẹ̀ wí láti orí àtẹ̀gùn.

Alásè wọlé tìbínú-tìbínú. Ilẹ̀kùn fì, ó fì, ó dúró. Wọ́n ń gbọ́ ariwo ìgò nínú ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tíṣà ò wo Adájọ́. Adájọ́ ò gbé ọwọ́ kúrò lórí àwo.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà jáde, ìrìn rẹ̀ ti yí padà. Agolo èlò ọbẹ̀ kan ló gbé dání. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn nà án sí Tíṣà. Tíṣà fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó gbé agolo náà sún mọ́ iná, ó wá ibi tí lẹ́tà ti kéré jù lẹ́yìn rẹ̀. Onídìrí rí i tí ìka rẹ̀ dúró lójú kan.

“Epà lílọ̀,” Tíṣà kà á jáde.

“Èyí tá a máa ń lò ló tán lọ́jà,” ni alásè wí. “Ọmọ yẹn kàn ra òmíì… Mi ò wo ẹ̀yìn agolo. Mà, mi ò wò ó.”

Onídìrí gbá ọwọ́ mọ́ orí. “Adájọ́! Á jẹ́ pé òótọ́ lo sọ níbẹ̀rẹ̀!”

“Irọ́ ni mo pa,” Adájọ́ ní. “Ó kàn ṣe kòńgẹ́ òótọ́ ni.”

Tíṣà dìde. Ó fẹ́ pa ẹnu báàgì kékeré rẹ̀ dé. Ó dáwọ́ dúró, ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.

“Kì í ṣe ahọ́n ẹ ni mò ń bá bínú,” ó ní. “Ẹnu ẹ ni.” Ó sì jáde.

Àtẹ́lẹwọ́ Adájọ́ lé ròrò. Ọmọ àbúrò rẹ̀ bá a fi òróró pa á, kò bi í ní nǹkan kan. Àbàwọ́n orí búláòsì funfun kò ṣí mọ́, gbogbo ọgbọ́n alágbàfọ̀ tó ní pin síbẹ̀. Sátidé dé, fóònù ò dún. Ó dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ni ín ò tíì ní wá gbà. Sátidé míì tún dé, bákan náà ló rí. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lójú títì, á gbé ojú sókè, ooru ara gíláàsì ò sì ní jẹ́ kó rí ẹni tó ń kọjá.

Ó ti ń gbá ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé kan nígbà tí ohùn Onídìrí wọlé, kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

“Ṣé aṣọ gbogbo ayé ni wọ́n kó fún ìwọ nìkan ni? Wọ bàtà. Tíṣà ní kí n sọ fún ẹ pé inú ṣì ń bí òun o.”

“Mo mọ̀.”

“Ó ní àfi kó o wà níbẹ̀ kí òun tó lè bínú dáadáa. Ó ní bíbínú sí àga lásán ò dùn.”

Ilé oúnjẹ kékeré kan ni, tábìlì ibẹ̀ ò pọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí báàgì búráùn ńlá náà lórí àga tó kọjú sí ilé ìdáná. Tíṣà ò kí i. Ó gbé báàgì náà, ó tú u, ó yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.

“Ẹlẹ́rìí wa nìyẹn,” ó ní. “Jókòó.”

Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti dé ibi tuntun, agolo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá, alásè ò báà fajúro títí. Adájọ́ ṣì ń fi ṣíbí lu ife. Ó ń dá ẹjọ́ àga, ẹjọ́ iná, ẹjọ́ ẹnu wétà. Ti adùn, Onídìrí ló ń jẹ́rìí sí i, ìyẹn sì máa ń purọ́ nígbà tó bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ló ni ibẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Iyọ̀ padà sórí ahọ́n Adájọ́, òróǹbó padà, àwọn yòókù ò padà. Lọ́dún tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wọ kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, Adájọ́ ní kó bá àwọn lọ ní Sátidé kan. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Inú ilé náà kún, àwọn kan tilẹ̀ wà ní ìdúró tí wọ́n ń wá ibi jókòó sí. Lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin kan na ọwọ́ sí àga kan tó ṣófo, Tíṣà sì tẹ báàgì búráùn rẹ̀ tó ti gbó mọ́ ọn, ó ń mi orí sí ọkùnrin náà.

Obìnrin náà dúró, kò tíì wọlé. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, àpá ròrò ìjọ́sí ṣì le ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“O bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí mílíìkì kan,” ó ní. “Láti Mọ́ńdè títí di ọ̀sán Sátidé, gbogbo ẹni tó ń wọlé tọ̀ mí, aṣọ ara wọn ni wọ́n wá bá. Wọ́n á gbà á, wọ́n á lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí nìkan ni ẹnì kan ti máa ń gbé báàgì sórí àga, tí á máa bá èèyàn fà á títí màá fi dé. Mo rò pé ahọ́n mi ni wọ́n ń gba àga náà sílẹ̀ fún. Ìdí tí mi ò fi sọ fún wọn nìyẹn.”